Ọmọ Tí Wọ́n Fún Bàbá Lín

Ẹsẹ̀ kẹrin Alántakùn ló kọ́kọ́ wọ ọgbà Bàbá Ṣóyẹmí. Ó ré ògiri kọjá bí ẹni tó ń ré gọ́tà kọjá, ó bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, ni àwọn adìyẹ bá fọ́nká, wọ́n ń ké. Ẹ̀rọ ọ̀hún ga ju ilé alájà méjì lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ ikùn ni ojú náà sì wà, torí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú òkè. Ilẹ̀ ló ń wò. Paìpù ni o, gbòǹgbò ni o, àpáta ni o, egungun ni o, kò sí èyí tó lè sá pamọ́ fún un.

"Ilé ìkẹyìn," ni ẹ̀rọ náà wí lóhùn obìnrin tí kì í rẹ̀. "Egungun ènìyàn mẹ́ta lábẹ́ pálọ̀. Kì í ṣe ibojì. Ojú irin lè kọjá."

Ìbídùn tẹ síléètì dígí ọwọ́ rẹ̀, ó gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? Awọnlẹ̀ ni, aṣọ búlúù Àjọ Ojú-Irin Afẹ́fẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, awọnlẹ̀ kì í sì í bá ẹ̀rọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn mẹ́ta náà dáadáa. Bàbá bàbá rẹ̀, Ṣódípẹ̀, ni ọ̀kan. Ìyá bàbá rẹ̀ ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni ìyá tó bí òun gan-an, tí wọ́n sin sábẹ́ ibi tí àga tìmùtìmù wà, tó fi jẹ́ pé títí di òní Ìbídùn kì í lè fi gbogbo ara jókòó lórí àga yẹn.

Ẹ gbọ́ ná. Ní ìlú Ìdí-Ìyeyè, inú ilé ni wọ́n ń sin ẹni iyì sí. Ẹni tí kò lẹ́nì kan ni wọ́n ń gbé lọ sínú igbó. Òfin tó tẹ̀lé ojú irin tuntun yìí ti Bẹ́ìjíìnì nílẹ̀ Ṣáínà wá kò mọ ìyẹn. Ohun tí òfin náà ń pè ní ibojì ni ilẹ̀ tí ojú ọ̀run ń wò, tó ní òkìtì lórí, tí ọmọ òkú ń gbá. Abẹ́ páànù ni gbogbo òkú Ìdí-Ìyeyè wà. Ọlá tí wọ́n bù fún wọn náà ló wá sọ wọ́n di aláìní-sàréè, ìlú tí kò bá sì ní sàréè, ojú irin kì í yà fún un.

Ọ̀sán gan-an ni àmì pé ojú irin lè kọjá yóò lọ sí ọ́fíìsì Àjọ ní Lẹ́kí. Katakátà mẹ́wàá ti tò sẹ́yìn òkè, wọ́n ti tan wọ́n sílẹ̀, wọ́n ń kùn. Irínwó ilé ni wọ́n fẹ́ẹ́ wó. Wọ́n ti kọ́ ilé gogoro alájà ogún fún àwọn onílé sí Ṣàgámù, wọ́n kun ún ní funfun, wọ́n sì ń retí kí wọ́n dúpẹ́.

Ẹsẹ̀ karùn-ún gbéra. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi ìyeyè. Ojú abẹ́ ikùn yẹn ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè tó ti pọ́n.

"Egungun ènìyàn kan," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ìta gbangba. Òkìtì wà lórí rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ti kàn án lọ́dún yìí. Ibojì ni." Ó dúró sójú kan. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń rìn nínú ìlú náà, kò tíì dúró báyẹn rí. "Ẹ dúró. Ẹ pe Ọ̀gá."

Ariwo sọ láàárín àwọn ará ìlú tó pé sẹ́yìn okùn. "Bàbá Lín ni! Háà, Bàbá Lín ló dá a dúró!" Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Ìbídùn kò pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ó ti ka ìwé òfin yẹn débi tí àwọn yòókù kò kà á dé.

Ọ̀gá Ṣẹ́n kò pẹ́ kó tó dé, nínú ọkọ̀ kékeré tí kò ní táyà. Obìnrin kúkúrú ni, ó lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ṣáínà ni ìyá àti bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Lẹ́kí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká débi pé ó lè fi bú ènìyàn kí ẹni náà tún máa rẹ́rìn-ín.

"Ìbídùn, ilé ta nìyí?"

"Ilé bàbá mi ni, Ọ̀gá."

"O mọ̀ pé ibojì wà lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ, o sì panu mọ́?"

"Òfin ní awọnlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ilé ara rẹ̀, mà."

Ọ̀gá Ṣẹ́n wò ó títí. "Òfin yẹn dára gan-an. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ìgbà náà ni Bàbá Ṣóyẹmí yọ láti ẹ̀yìn ilé, tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún ni, ó gbẹ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì gbẹ. "Ẹ káàbọ̀ o, Ọ̀gá. Ẹ dákun, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Orí ọkùnrin náà lẹ fẹ́ẹ́ tẹ̀ yẹn."

Ọ̀gá Ṣẹ́n sún kíákíá. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ Etí jáde, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Kò ju orógbó lọ, dúdú ni, ó ń dán. Kò sí ẹni tí kò mọ Etí nílẹ̀ náà: ó wà ní kóòtù, ó wà ní ilé ìwé, kódà wọ́n ń gbé e síwájú tọkọtaya lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti inú wá, á tan iná àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ ẹnu lásán, á pọ́n. Irọ́ nìkan kọ́ ló ń gbọ́, ó ń gbọ́ iyèméjì pẹ̀lú.

"Bàbá, ta ló sùn síbí?"

"Lín Dẹ́ṣùn ni. Ọmọ Húnánì. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó kú. Òun ló kọ́ bàbá mi bí wọ́n ṣe ń jó irin mọ́ irin nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú irin àkọ́kọ́, ìyẹn tó ti dípẹtà báyìí. Ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn ti gbogbo ayé mọ́lé ni ibà gbé e. Bàálù ò fò, ọkọ̀ ojú omi ò gbéra, kò sẹ́ni tó lè gbé e lọ sílé. Ó di bàbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, 'Ṣódípẹ̀, má sin mí sínú yàrá o. Ibi tí n ó ti máa rí òkè ni kí o sin mí sí. Máa bá mi gbá a lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí n má di òkú tí kò lẹ́nì kan.' Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Èmi ni mo gbé àkoto tó máa ń dé síṣẹ́ tẹ̀lé wọn dé ìdí igi."

Àkoto náà ṣì wà lórí òkìtì. Ó ti pupa rí, oòrùn ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ti sọ ọ́ di funfun bí ẹfun. Ife tíì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìyeyè mẹ́ta tí bàbá ti nù mọ́. Oṣù kẹrin ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, Ìbídùn kò sì rántí oṣù kẹrin kan tí òun kò fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn.

Etí tan àwọ̀ ewé.

Ọ̀gá Ṣẹ́n bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹrí ba fún òkìtì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dìde, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Láyé ìyá ìyá mi," ó ní, "àwa fúnra wa la fi ọwọ́ wa hú ibojì àwọn bàbá wa. A sun ìwé ìdílé. Wọ́n ní ohun àtijọ́ ló so wá lẹ́sẹ̀, tí ayé fi fi wá sílẹ̀. La bá sáré. Bàbá, a sáré! Láti oko ìrẹsì dé orí òṣùpá, kò gbà wá tó ìgbésí ayé ènìyàn méjì. Ojú irin, èbúté, afárá, kò sí orílẹ̀-èdè tí a ò gbé ọwọ́ wa dé. Ọjọ́ tí a ní ká mí díẹ̀, a bojú wẹ̀yìn, a ò mọ ibi tí àwọn bàbá wa sùn sí mọ́. Ohun tó sọ òfin ibojì di líle nìyẹn. Ẹ̀rù ara wa ló ń bà wá."

Baálẹ̀, tó ti dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn okùn látàárọ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọ̀gá, nígbà náà ojú irin á yà?"

"Ọmọ ọkùnrin yìí dà?"

"Kò bímọ," ni Bàbá Ṣóyẹmí dáhùn. "Kò tíì fẹ́yàwó. Àwa la jẹ́ ẹni rẹ̀."

Àwọ̀ ewé náà tún tàn. Ọ̀gá Ṣẹ́n mi orí. "Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ibojì tí ọmọ ẹni ń gbá ni ojú irin ń yà fún. Ẹni tí kò lọ́mọ, a ó kó o sínú ìkòkò, a ó gbé e lọ sí Húnánì tìyẹ́sítìyẹ́sí, ojú irin á sì kọjá. Àyàfi tí ẹnì kan bá fún un lọ́mọ."

"Báwo la ṣe ń fún òkú lọ́mọ?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Àṣà àtijọ́ wa ni, a kàn sọ ọ́ dòfin ni. Ẹni tó bá kú láìlọ́mọ, ẹlòmíràn lè fi ọmọ tirẹ̀ ta á lọ́rẹ, kí ẹnì kan lè máa gbá ibojì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ẹni tó ni ọmọ á sọ pé òun fún un. Ọmọ náà á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Etí ń gbọ́ ọ."

"Ó parí," ni Bàbá wí. "Èmi ni kí ẹ kọ. Ọmọ Lín ni mí láti òní lọ."

"Òfin ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàbá, àgbà ti dé sí yín. Ta ni yóò máa gbá a lọ́dún mẹ́wàá sí i?"

"Ẹ̀yin náà ti lé ní àádọ́rin, ẹ ṣáà ń gun ilé onílé kiri."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ṣẹ́n pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ kó tó kú, torí ó fi kún un pé, "Ọmọ inú ilé yìí ni òfin ń béèrè," ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ Ìbídùn.

Ọmọ mẹ́rin ni Bàbá Ṣóyẹmí bí. Ọ̀kan kò ju oṣù mẹ́ta lọ láyé. Àwọn ọkùnrin méjì bá ọkọ̀ ojú omi lọ, wọn ò bọ̀. Ìbídùn ló kù, òun náà kò sì bí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sin ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yẹn, tàbí tí ìròyìn ikú dé, bàbá á fa Ìbídùn mọ́ra, á ní, "Ọmọ ò láyọ̀lé, Àwẹ̀ró. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìwọ lo máa sin mí." Àwẹ̀ró ni oríkì rẹ̀. Bàbá nìkan ló kù láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Tí mo bá gbà ńkọ́?" Ìbídùn ti mọ ìdáhùn náà. Ó fẹ́ kí bàbá gbọ́ ọ ni.

Ọ̀gá Ṣẹ́n kò wo ojú rẹ̀. "Orúkọ rẹ á wọ ìwé ìdílé Lín. Á kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Bàbá kan ni òfin mọ̀, kò mọ méjì. O ò ní jẹ́ orúkọ bàbá yìí mọ́. Lọ́jọ́ tó bá sì papòdà, o lè wá bí aládùúgbò ṣe ń wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń bu iyẹ̀pẹ̀ sí bàbá. O ò ní lè bù ú."

"Tí n kò bá gbà?"

"Ogún ìṣẹ́jú ló kù, Ìbídùn."

Baálẹ̀ ṣí fìlà lórí. Ọkùnrin náà kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. "Ọmọ mi, mi ò ní bẹ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ní kí o fi sílẹ̀ yìí, èmi gan-an ò lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ wà nínú ilé yẹn. Ìyá tèmi náà wà nínú tèmi."

Inú bí Ìbídùn. Ó bínú sí Baálẹ̀, ó bínú sí òfin, ó tilẹ̀ bínú sí Lín tó wà lábẹ́ òkìtì, pé kí ló dé tí kò fẹ́yàwó kó tó kọjá òkun. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. Ó ń retí kí ó ní rárá. Ìyẹn ni ì bá rọrùn jù: kí bàbá ní rárá, kí ilé wó, kí wọ́n jọ kó lọ sí Ṣàgámù, kí ó sì sin ín sí ibikíbi tí wọ́n bá gbà.

Bàbá Ṣóyẹmí fi ìgbálẹ̀ ti igi. "Mo fún Lín ní ọmọ mi," ó ní.

Etí tan àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Kò lọ́ra rárá. Yéè! Ó dun Ìbídùn dọ́kàn pé kò lọ́ra.

"Ó kù sọ́wọ́ rẹ," ni Ọ̀gá Ṣẹ́n wí. "Sọ ọmọ ẹni tí o jẹ́."

"Ọmọ Lín ni mí."

Etí pọ́n.

Àwọn ènìyàn kérora. Ìbídùn pa ojú dé, ó ro ti irínwó ilé, ó ro ti ìyá rẹ̀ lábẹ́ àga, ó fi gbogbo agbára sọ ọ́. "Ọmọ Lín ni mí!"

Ó tún pọ́n. Orí òkè lọ́hùn-ún, ọ̀kan nínú àwọn katakátà gbé ohùn sókè.

"Ó ń gbọ́ ọ," ni Ọ̀gá Ṣẹ́n sọ fún un jẹ́jẹ́. "Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́ títí dé inú egungun. Ariwo kọ́ ló máa mú un kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Má sọ ọ́ tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀."

Ìbídùn bojú wẹ̀yìn láti wá bàbá rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti pa dé, ó sì gbọ́ tí irin ìdábùú wọ inú ihò rẹ̀. Láti kékeré rẹ̀, wọn kò ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọn rí. Ó lọ, ó gbá a. Ó sáré yí ilé po lọ sí iwájú, Ọ̀gá Ṣẹ́n ń tẹ̀lé e tòun ti ọ̀pá, Etí ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gbogbo ìlú sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Ilẹ̀kùn iwájú ṣí kí ó tó kàn án. Bàbá Ṣóyẹmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ dàńṣíkí, ó ti dé fìlà, bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Orúnkún Ìbídùn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí a kò rí rí ló ṣe wò ó.

"Kú àbọ̀ o," ó ní. "Ojú rẹ ṣàjèjì sí mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

Ìbídùn dúró de Àwẹ̀ró. Ó mọ̀ pé bàbá máa ń ṣeré, pé bó bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́mọdé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò pe Àwẹ̀ró. Ó dúró dè é. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Adìyẹ kan gba àárín wọn kọjá. Bàbá kò pè é. Ojú bàbá kò yẹ̀, kò sì sí ibi kankan lójú náà tí Ìbídùn lè wọ̀ sí. Ohun kan já nínú rẹ̀ nígbà náà, ó gbọ́ ọ bó ṣe já. Ó wá yé e pé ibi tí òun kúnlẹ̀ sí yìí, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni, ẹnì kan ṣoṣo tó sì ń retí òun nínú ọgbà náà ni ẹni tó sùn sábẹ́ ìyeyè.

"Ọmọ Lín ni mí, sà," ó ní.

Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń dáhùn àgbàlagbà tó bi í ní ìbéèrè.

Àwọ̀ ewé.

Ariwo ayọ̀ tó ta níbẹ̀, ẹni tó wà ní Ṣàgámù ì bá gbọ́ ọ. Alántakùn gbé ẹsẹ̀ karùn-ún kúrò lábẹ́ igi, ó gbé ẹ̀kẹrin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, ó yí ara padà díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà odò, ibi tí ojú irin yóò yà sí. Àwọn katakátà dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ńlá, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ìbídùn ò tíì dìde. Ọ̀gá Ṣẹ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ fà á nílẹ̀, ó fi ẹnu sí etí rẹ̀. "Nígbà tí bàbá ilé yìí ní ojú rẹ ṣàjèjì sí òun, Etí pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àtàǹpàkò mi ni mo fi bò ó. Òfin kò ní kí n kọ ìyẹn sílẹ̀." Ó ti Etí bọ àpò, ó lọ.

Bàbá Ṣóyẹmí ti wọlé. Ó tún jáde pẹ̀lú ife omi lórí àwo pẹlẹbẹ, ìyẹn ife dígí tí ìyá Ìbídùn máa ń tọ́jú fún àlejò, tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ ilé fi mu omi. Ìdajì omi náà ti dà sórí àwo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Àlejò kì í dúró nínú oòrùn," ó ní. "Gbà, mu omi. Má bínú sí mi. Mi ò lọ́mọ nílé tí ì bá bù ú fún ọ, èmi náà ni mo bù ú."

Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì mu ún tán.